Omi AC Tó Ń Dà Sínú Ọkọ̀: Ẹ Dúró Ná Kí Wọ́n Tó Tú Dáṣíbọ́ọ̀dù Yín

Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági gbé Honda rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òjóò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Baby Boy. Kò tíì kí mi tán tó fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àǹkárá jáde. Ìdì mẹ́ta ni, ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ló rin gbingbin.

"Ọ̀gá AC, òrùlé ọkọ̀ yìí ti ń jò o. Ẹ wo ohun tí òjò fi ọjà mi ṣe."

Òjò wo? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn n'Íbàdàn. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ káápẹ́ẹ̀tì, omi yọ láàárín ìka mi, ó mọ́ gaara, ó sì tutù bí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú fíríìjì. Mo bi ìyá bóyá ẹlòmíì ti bá wọn wò ó. Wọ́n ní ẹnì kan ti wò ó, pé onítọ̀hún ní àfi kí òun tú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ₦45,000 sì lowó rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣe é. Gbígbé ọkọ̀ sókè ló tiẹ̀ gba àsìkò jù níbẹ̀.

Ọdún 2009 ni mo ti ń jẹun nídìí AC ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi torí omi tó ń dà sẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú, agbára káká ni mo fi ń rí méjì tó yẹ kí á torí ẹ̀ tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìyókù, páìpù kékeré kan ló dí. Àwọn kan lára àwa oníṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò kàn ní sọ. Èmi á sọ ọ́, kí ẹ lè ṣe é fúnra yín, tàbí kí ẹ kéré tán mọ ohun tí ẹ máa bi ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi náà ti ń wá. Bí ẹ bá gbé ike omi tútù jáde látinú fíríìjì lọ́sàn-án, tí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi máa làágùn. Omi yẹn kò ti inú ike jáde. Inú atẹ́gùn yàrá ló ti wá lẹ̀ mọ́ ara ike tó tutù. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bíi rédíétọ̀ kékeré, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, cooling coil là ń pè é. Gáàsì AC á mú un tutù, fáànù á máa fẹ́ atẹ́gùn gbà á kọjá, òun náà á sì máa làágùn. Òógùn yẹn á kán sínú àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀, ihò wà ní ìdí àwo náà, páìpù wà lẹ́nu ihò. Páìpù yẹn ló gba inú irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà kọjá, kó lè da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta.

Nítorí náà, omi tó ń kán tó tó tó lábẹ́ ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá dúró sórí ìlà epo, ohun rere ni. Àwọn kan á sáré wá bá mi pé ọkọ̀ àwọn ń jò, mo máa ń kí wọn kú oríire ni. Àwọn míì rò pé gáàsì ló ń dà nù. Gáàsì kì í kán sílẹ̀ bí omi; tó bá jò, atẹ́gùn ló máa bá lọ, ọ́ìlì díẹ̀ lẹ lè rí lójú ibi tó ti jò.

Lóṣù Kẹfà ọdún kan, mo gé ike omi 75cl lórí, mo gbé e sábẹ́ Corolla tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, mo tan AC. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, ó ti kún. Mo tún dán irú ẹ̀ wò lásìkò ọyẹ́, ẹ̀kán díẹ̀ ni mo rí, kò tiẹ̀ bo ìdí ike. Kò sí omi nínú atẹ́gùn ọyẹ́, kí ni coil fẹ́ fi làágùn? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má ṣe àyẹ̀wò páìpù yìí nínú ọyẹ́. Tí ẹ ò bá rí omi lábẹ́ ọkọ̀ lóṣù Kìíní, kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan dí.

Ọyẹ́ kan náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Eruku tó bá fẹ́ wọlé láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, orí coil àti inú àwo yẹn ló ń jókòó sí, ní gbígbẹ. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹrin, tí coil tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, eruku yẹn á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á rọra sàn lọ sẹ́nu ihò. Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi máa ń kún. Ẹ fi ti àwọn ewé kún un. Ibi tí AC ti ń fa atẹ́gùn láti ìta wà lábẹ́ wáípà, níwájú gíláàsì, bí ẹ bá sì ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù, ewé á máa bọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni kò sì ní fíltà AC mọ́. Ẹlòmíì yọ ọ́ torí pé ó dọ̀tí, kò sì fi òmíràn sí i. Mo ti bá tíṣù tí èkúté gé wẹ́wẹ́ pàdé níbẹ̀ rí. Mo sì ti bá ilé àwọn kòkòrò tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé pàdé, wọ́n kọ́ ọ sí ẹnu páìpù láti ìta, ó le bíi símẹ́ńtì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé omi AC ni. Omi òjò rọrùn láti mọ̀: ó máa ń wá lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ọkọ̀, ẹ̀ báà pa AC fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi rédíétọ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, torí pé coil kékeré kan tún wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná, omi rédíétọ̀ ló ń gba inú ẹ̀. Tí coolant gidi bá wà nínú ọkọ̀ yín, omi náà á ní àwọ̀, á máa yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á dùn díẹ̀, gíláàsì iwájú á sì máa ṣe bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá pa á nínú. Ṣùgbọ́n àwa kan wà tó jẹ́ pé omi ẹ̀rọ lásán la ń rọ sí rédíétọ̀, àwọ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ sàmì sí ibi tí omi dé lára ike rédíétọ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó ṣíná, kí ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná o. Ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbí ni wọ́n ti so họ́ọ̀sì méjèèjì tó ń lọ sí coil kékeré yẹn pọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń wá ooru ní Nàìjíríà.

Tí kì í bá ṣe òjò, tí kì í bá ṣe rédíétọ̀, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ tan AC dé ibi tó ga jù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú nígbà òjò, tí káápẹ́ẹ̀tì sì tutù, ó ti dí nìyẹn. Àwọn míì máa ń gbọ́ ìró omi gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù bí wọ́n bá yà ní kọ́nà tàbí tí wọ́n tẹ bùréèkì. Àwo ló kún tó ń mì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù dáadáa, torí páìpù sàlẹ́nsà kò jìnnà síbi tí ọwọ́ yín ń lọ. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, tí ẹ bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ máa rí páìpù omi AC náà láti òkè. Púpọ̀ jù lọ, abẹ́ ni ẹ máa gbà. Ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ẹ fa háńdì-bùréèkì, ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kí ẹ wá fi irin ìdúró gbé e ró. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ ò bá ní irin ìdúró, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yí ọ́ìlì, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo kòtò wọn.

Ọwọ́ òsì ni sítíárì tiwa wà, nítorí náà apá ọ̀tún ni ẹ máa wò, lára irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà, nísàlẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Manchester pè mí lórí fídíò lẹ́ẹ̀kan nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń pariwo pé "apá ọ̀tún, apá ọ̀tún," ó wò títí, kò rí nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rántí pé òdìkejì tiwa ni sítíárì wọn wà.

Rọ́bà dúdú kékeré kan lẹ máa rí, kò ju àtàǹpàkò lọ ní sísanra, ó sábà máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí ìgbọ̀nwọ́, ẹnu rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Ẹ máa rí páìpù alumíníọ̀mù méjì nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má fi sípánà kàn wọ́n, gáàsì ló wà nínú wọn.

Rọ́bà yẹn, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ fà á bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ojú sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ Camry Orobo kan, mo la ẹnu sílẹ̀ bí mo ṣe ń fa rọ́bà yìí. Ó bọ́ lójijì, omi dúdú tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá da gbuu sí mi lójú, ó wọnú ẹnu. Mi ò lè ṣàpèjúwe òórùn rẹ̀, àmọ́ mi ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "O ti jẹ oúnjẹ àwa oní-AC."

Bí omi bá ń tú jáde bí ẹ ṣe fa rọ́bà bọ́, inú rọ́bà gan-an ló dí. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ inú rẹ̀, ó parí. Bí ohunkóhun kò bá jáde, ìdí àwo ló dí, ẹ máa ní láti ki nǹkan bọ ihò. Nǹkan wo? Okùn náílọ́ọ̀nù nípọn tí wọ́n fi ń gé koríko ni mo máa ń lò, mo máa ń fi iná yọ́ orí rẹ̀ kó lè rí roboto. Irú okùn ike tí àwọn ríwáyà fi ń di wáyà pọ̀ náà dára. Ẹ rọra tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i lọ́wọ́, kò yẹ kó wọlé ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Bó bá kọ, ẹ fà á padà, ẹ nu ìdọ̀tí orí rẹ̀ nù, ẹ tún un ṣe.

Ẹ má lo irin. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọṣẹ́ mi kan tọ́ irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ nà, ó fi gún ihò yìí pẹ̀lú agbára. A gbọ́ ṣííì, gáàsì ti ń jáde. Alumíníọ̀mù coil yẹn fẹ́lẹ́ bí páálí, ibẹ̀ sì ni irin bá lọ. Ọkọ̀ tó wá torí ihò tó dí, àwa la wá tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, àwa náà la sì ra coil míì.

Afẹ́fẹ́ fọkanáísà ńkọ́? Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ fẹ́ ẹ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àkísà há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tán pátápátá, gbogbo ẹrẹ̀ yẹn máa gba ojú ihò AC jáde sórí síìtì, mo ti rí aṣọ funfun tó bá a lọ. Bákan náà, ẹ má da omi láti ibi tí wọ́n ń ki fíltà sí pé ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, fáànù ló wà lábẹ́ ibẹ̀, iná sì wà lára fáànù.

Tí ọ̀nà bá ti là, ẹ fún un láyè kí gbogbo omi tó ti kó jọ jáde. Ti ìyá Gbági, omi rẹ̀ tó bí ìgò mẹ́rin, pẹ̀lú ewé máńgòrò kan tó ti dúdú, tó ká jọ bí ẹ̀kọ. Ẹ dá rọ́bà padà, ẹnu sísàlẹ̀, kó má fara kan sàlẹ́nsà. Bó bá ti ya tàbí tí wọn ò fi sí i tẹ́lẹ̀, ẹ ra họ́ọ̀sì tó bá a mu. Àìsí rọ́bà yẹn nìkan lè mú kí omi máa sàn mọ́ irin, kó padà gba ihò míì wọlé. Ẹ wá tan AC lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó ń kán.

Bó bá ń kán níta tí káápẹ́ẹ̀tì sì ṣì ń rin, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ páìpù. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ẹnì kan ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn rí. Àwọn kan kì í dá fóòmù tó yí páìpù gáàsì ká padà, páìpù náà á wá máa làágùn sórí káápẹ́ẹ̀tì. Tàbí kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnu àwo bọ́ sójú ihò dáadáa. Ẹ sì tún wo èyí: bí AC bá kọ́kọ́ ń fẹ́ dáadáa, tí atẹ́gùn wá ń dínkù lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan, tí omi sì ya nígbà tí ẹ páàkì, yìnyín ló di orí coil tó wá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíltà tó dí lè fà á, kí gáàsì dínkù náà lè fà á. Ẹ kọ́kọ́ wo fíltà. Nínú Corolla, ẹ kàn tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àpótí iwájú wọnú kó lè bọ́ sílẹ̀, fíltà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ gáàsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn rọ òmíràn sí i. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tó ti jò.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe é tì ni gbígbẹ káápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fi àkísà nu òkè, wọ́n á fọ́n lọ́fínńdà sí i, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà inú ọkọ̀ á máa rùn bí aṣọ tó kú sínú omi. Fóòmù wà lábẹ́ káápẹ́ẹ̀tì yẹn, ó nípọn, ó sì ń mumi bí kànìnkànìn. Ẹ yọ ike tó wà lójú ilẹ̀kùn, ẹ ká káápẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ẹ fún fóòmù náà, ẹ fi igi gbé e sókè kí atẹ́gùn lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú oòrùn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ dojú fáànù kọ ọ́. Bó bá rin dé ẹ̀yìn, àfi kí ẹ tú síìtì; sípánà 14 ló ń tú u nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì kí ẹ sì dúró díẹ̀, torí wáyà aláwọ̀ ìyeyè tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ síìtì, ti airbag ni. Ẹ ṣí ojú àwọn wáyà tó gba ilẹ̀ kọjá náà wò. Bí ẹ bá rí nǹkan aláwọ̀ ewé lójú wọn, ẹ pe ríwáyà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ tèmi: tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n délé, mo máa ń pa AC, mo máa ń jẹ́ kí fáànù ṣì máa fẹ́. Coil á gbẹ kí n tó pa ọkọ̀, òórùn kì í sí. Lóṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fa rọ́bà yẹn bọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Gbági bi mí bóyá àwọn lè máa gbe omi AC yẹn sínú ike kí wọ́n máa rọ ọ́ sí bátìrì. Mo ní rárá, torí gbogbo ìdọ̀tí tó bá orí coil ló ń wẹ̀ wá. Wọ́n san ₦5,000, wọ́n sì ní àwọn ò ní lọ títí aṣọ àwọn fi máa gbẹ. Wọ́n sá àǹkárá sórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mẹ́ta tó wà nílẹ̀ fún iṣẹ́, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń lọ sí gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, wọ́n ń bi mí ní iye tí mò ń tà á. Nígbà tí wọ́n fi máa ká aṣọ kúrò, ìyá ti ta ọ̀kan nínú ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.